Ta Ni Yóò Sanwó Àlùfáà? Ìtàn Ètò Àlùfáà Ẹlẹ́sìn-púpọ̀ Nínú Àwọn Ilé-ìwòsàn Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Àìsàn tó bá gbé ènìyàn dé orí ibùsùn ilé-ìwòsàn kì í mọ sí ara nìkan. Aláìsàn a máa bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ òun ni ó ṣe. Ẹ̀rù ikú a máa bà á. Àwọn ẹbí rẹ̀ a sì máa wá ẹni tí yóò gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Láwùjọ Yorùbá àtijọ́, ojú kan náà ni ìbéèrè yìí àti ìwòsàn ti ń wáyé, nítorí pé babaláwo tó dífá fún aláìsàn ni ó sábà máa ń júwe ewé àti ètùtù. Nígbà tí Fadá Jean-Marie Coquard dá ilé-ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895, ọ̀rọ̀ kò tíì yí padà púpọ̀, nítorí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni àdúrà àti oògùn wà. Ilé-ìwòsàn ìjọba ni ó ya méjèèjì nípa. Dókítà ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba. Ta ni yóò wá sanwó fún ẹni tí ń tọ́jú ọkàn? Bí àwọn aláìsàn kò bá sì í ṣe ẹlẹ́sìn kan náà, ẹ̀sìn ta ni owó ìjọba yóò bá lọ?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti tọpa ìbéèrè méjèèjì nínú ìtàn àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A yan ilẹ̀ náà láàyò nítorí ìdí méjì. Èkíní, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NHS, ti ń fi owó orí san owó oṣù àlùfáà láti ọdún 1948, ìwé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà kò sì wọ́n. Èkejì, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú ètò ọ̀hún, àwọn kan gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì àti dókítà, àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí aláìsàn. Èrò wa ni pé owó ìjọba gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlẹ́sìn kéékèèké, ju inú rere ìjọ kankan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pín owó náà ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣí tán.

Ọ̀rọ̀ náà àti ìtumọ̀ rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ yìí, chaplain, wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan, cappella, èyí tí ó tọ́ka sí aṣọ ìlékè tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Máàtínì Mímọ́ ti ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn àlùfáà tí ń ṣọ́ aṣọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí. Ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé ni nígbà náà, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn Mùsùlùmí, Híńdù àti Síìkì kan lọ́ra láti jẹ́ ẹ.

Ti èdè Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà, àlùfáà, wọ èdè wa. Láti ìhà àríwá, lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ Ìsìláámù tí wọ́n ń pè ní alfa, ni ó ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n mú fún àwọn tí ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì. Láti ìgbà náà ni Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ti jọ ń lo ọ̀rọ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí ẹnìkejì. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti kọ "àlùfáà ilé-ìwòsàn" nínú bébà yìí, kí òǹkàwé má ṣe rò pé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni à ń bá wí.

Kí ọdún 1948 tó dé

Àwọn ilé-ìwòsàn tó pẹ́ jù ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ilé ìjọsìn ni wọ́n ti sú yọ. Ọdún 1123 ni Rahere dá ilé-ìwòsàn St Bartholomew sílẹ̀ pẹ̀lú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n kà sí iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, oúnjẹ àti ibùsùn sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ fọ́ àwọn ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ túká, ilé-ìwòsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ; ní ọdún 1546 ni ó fi í lé àwọn aláṣẹ ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew the Less tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀ wá di ìjọ àdúgbò tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ kò ju ilé-ìwòsàn lọ. Owó ọrẹ àti ohun ìní ilé-ìwòsàn ni wọ́n fi ń bọ́ àlùfáà ibẹ̀.

Ibi tí owó ìlú ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni Òfin Àwọn Aláìní ti ọdún 1834. Òfin yìí ni ó kó àwọn ìjọ àdúgbò pọ̀ láti máa kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn òtòṣì, níbi tí àwọn aláìsàn, arúgbó àti ọmọ òrukàn ń gbé. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi owó orí àdúgbò san owó oṣù àlùfáà, ọmọ Ìjọ Áńgílíkà sì ni àlùfáà náà sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n abala kọkàndínlógún òfin náà sọ ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: a kò gbọdọ̀ fi agbára mú ẹnikẹ́ni lọ sí ìsìn tí kò bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu, bí olùgbé ilé náà bá sì bèèrè fún òjíṣẹ́ ìjọ tirẹ̀, òjíṣẹ́ náà lè wọlé wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ti Áńgílíkà ń gba owó. Ti Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì tàbí Júù ń gba ìyọ̀ǹda. Ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún ni yóò san owó ọkọ̀ ara rẹ̀, ìgbà tí àyè bá gbà á ni yóò wá, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ yìí, owó fún onílé àti ìyọ̀ǹda fún àlejò, wà nílẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, bí orúkọ àwọn àlejò tilẹ̀ ń yí padà. Àwọn tí agbára wọ́n ká a wá ọ̀nà mìíràn: ní ọdún 1904 ni àwọn Júù ìlú Manchester ṣí ilé-ìwòsàn tiwọn.

Ètò ọdún 1948 àti ìṣirò orí

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, ọdún 1948, Aneurin Bevan tó jẹ́ Mínísítà fún Ìlera lọ ṣí ètò NHS ní Park Hospital, ní ẹ̀bá Manchester. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilé-ìwòsàn ọlọ́rẹ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn àlùfáà tí ń bẹ nínú wọn ńkọ́? Bevan kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ ẹ̀sìn, síbẹ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ kò lé wọn. Lọ́dún náà gan-an ni ó kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé-ìwòsàn pé kí wọ́n mójú tó àìní ẹ̀mí àwọn aláìsàn àti òṣìṣẹ́, kí wọ́n yan àlùfáà, kí wọ́n sì san owó fún wọn.

Lójú tiwa, ohun tuntun pátápátá ni èyí, bí ó tilẹ̀ jọ pé nǹkan kò yí padà. Àwọn ìjọ mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn: Áńgílíkà, Kátólíìkì, àti Ìjọ Olómìnira, ìyẹn àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti àwọn tó bá wọn tan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni owó ìjọba dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ìyọ̀ǹda nìkan tọ́ sí ní 1834 ti di ẹni tí ń gbowó ní 1948. Bí wọ́n ṣe ń pín in ni pé wọ́n ń ka iye aláìsàn tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwòsàn ńlá lè ní àlùfáà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kéékèèké a máa pe fíkà àdúgbò, wọn a sì san owó wákàtí tí ó bá lò fún un.

Kò sí òfin tí ó fi dandan lé ètò yìí. Ìmọ̀ràn ìjọba ni. Bí a bá fi wé ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìyàtọ̀ náà yóò hàn kedere: Òfin Ọgbà Ẹ̀wọ̀n ti ọdún 1952 sọ pé gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ ní àlùfáà, àlùfáà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Ìjọ Áńgílíkà. Nínú ilé-ìwòsàn, ohun tí ìmọ̀ràn gbé kalẹ̀, ìmọ̀ràn mìíràn lè yí i padà. Èyí dáàbò bo àlùfáà ilé-ìwòsàn díẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ó jẹ́ kí àyè wà fún ìyípadà tí a óò rí níwájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ NHS, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, 1948, ni ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury. Àwọn ará Kàríbíánì tó wà nínú rẹ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn láti Áfíríkà àti Éṣíà, ni wọn yóò di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ètò ìlera náà. Arábìnrin Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1946. Wọ́n kà á mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe nọ́ọ̀sì nínú NHS, òun náà ni ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ Mátírọ̀nì ní UCH, Ìbàdàn, nígbà tó yá. Àwọn tó kọ ìwé ọdún 1948 kò ro ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ìjọ mẹ́ta.

Ọjà inú ilé àti ìwé ọdún 1992

Láàrin 1950 sí 1990, àwọn Mùsùlùmí, Híńdù àti Síìkì pọ̀ sí i ní Birmingham, Bradford, Lọ́ńdọ̀nù àti Leicester. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Éṣíà tí Idi Amin lé kúrò ní Uganda ní 1972 ni ó fìdí kalẹ̀ sí Leicester. Wọ́n bímọ nínú àwọn ilé-ìwòsàn, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ìṣòro tó ń yọjú kò ṣe é fi ojú fò: òkú Mùsùlùmí tó yẹ kí wọ́n tètè sin, tí ìwé-ẹ̀rí ikú kò tíì jáde, oúnjẹ tí aláìsàn kò lè jẹ, obìnrin tí kò fẹ́ kí ọkùnrin tọ́jú òun, ilé àdúrà tó kún fún àga gígùn àti àgbélébùú, tí kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè ṣe àlùwàlá.

Òfin ọdún 1990 lórí NHS àti ìtọ́jú àwùjọ ni ó dá ohun tí wọ́n pè ní ọjà inú ilé sílẹ̀. Ilé-ìwòsàn di àjọ tí ń dá àpò owó ara rẹ̀ ṣe, tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba òṣìṣẹ́. Ní 1991 ni ìjọba gbé Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn jáde, èyí tó ṣèlérí pé wọn yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn àti àṣà aláìsàn. Ní 1992 ni ìwé ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí HSG(92)2 tẹ̀ lé e. Ìwé yìí ni ó sọ fún àwọn ilé-ìwòsàn ní tààrà pé àìní ẹ̀mí àwọn tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì náà wà lọ́rùn wọn.

Ṣùgbọ́n owó dà? Kò sí owó àkànṣe kankan tó bá ìwé náà wá. Àpò tí wọ́n ti ń san ti fíkà ni àjọ kọ̀ọ̀kan yóò ti san ti ìmáàmù àti ti ráábì, àpò náà ni wọ́n sì fi ń ra oògùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí wọ́n bá yan ìmáàmù, wákàtí ta ni wọn yóò gé?

Onílé, àlejò àti alárinà

Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, James Beckford àti Sophie Gilliat-Ray, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní àárín àwọn ọdún 1990, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní pàtàkì. Ohun tí wọ́n rí ni pé àlùfáà Áńgílíkà ti di alárinà. Òun ni ó ní ọ́fíìsì, òun ni ó wà nínú ìpàdé àwọn aláṣẹ. Bí Mùsùlùmí kan bá fẹ́ rí ìmáàmù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè náà yóò gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alárinà yìí ṣe é tọkàntọkàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kéré iṣẹ́ wọn. Láìsí wọn, ẹlòmíràn kì bá tí rí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ alárinà kì í dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń bá a ṣe é. Bí ó bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀nà ìṣirò orí mú kí ó le sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi iye àfiṣe-àpẹẹrẹ tí a fúnra wa ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a ní ilé-ìwòsàn kan ní aláìsàn 700 lójoojúmọ́: 600 pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì, 40 jẹ́ Mùsùlùmí, 60 kò sọ nǹkan kan. Kí a sì ní òṣìṣẹ́ ọlọ́jọ́ kíkún kan ni wọ́n ń gbà fún aláìsàn 300, tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ jẹ́ 37.5. Kìrìsìtẹ́nì yóò ní àlùfáà méjì. Mùsùlùmí yóò ní wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìṣirò náà péye, kò sì ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ àkókò Jímọ́ọ̀ kúrò, kí ni ó kù? Ẹni tó ń kú lóru ọjọ́ Ajé kì í dúró de wákàtí tí wọ́n ti pín. Àwọn ìjọ ńlá ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n lè fi dí àyè ara wọn; ẹ̀sìn kékeré kò ní ju ẹnì kan lọ, ẹni náà sì ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe jẹun. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn kéékèèké fi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

A ó fi kún un pé ìmáàmù mọ́sálásí kò di àlùfáà ilé-ìwòsàn láìkọ́ṣẹ́. Títẹ́tí sí ènìyàn lẹ́bàá ibùsùn yàtọ̀ sí kíkéwú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni Markfield Institute ní ẹ̀bá Leicester bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gilliat-Ray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé wọn, Understanding Muslim Chaplaincy, jáde ní 2013, ìran tuntun kan ti wà, tó ní àwọn obìnrin nínú, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Láti 2001 sí 2004

Ìkànìyàn ọdún 2001 bèèrè ẹ̀sìn àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ohun tí ìkànìyàn kò tíì ṣe rí. Nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì, ìdá 3 jẹ́ Mùsùlùmí, ìdá 15 ní àwọn kò ní ẹ̀sìn. Àwọn tó ń ṣètò àlùfáà wá ní iye tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìjọba rọ́ wá. Skọ́tílándì ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde, ní 2002. Ó ya ìtọ́jú ẹ̀sìn, tí ó jẹ́ ti àwọn tó jọ gba nǹkan kan náà gbọ́, sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú ẹ̀mí, tí kò bèèrè ohun tí aláìsàn gbàgbọ́ kí ó tó jókòó tì í. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003 ni Iléeṣẹ́ Ìlera ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé NHS Chaplaincy jáde, tí ó gbà pé àwọn ẹ̀sìn gbogbo ni iṣẹ́ náà wà fún. Àwọn ẹlẹ́sìn púpọ̀ sì jọ wà nínú Multi-Faith Group for Healthcare Chaplaincy, níbi tí àwọn Áńgílíkà, Kátólíìkì àti Ìjọ Olómìnira nìkan ti máa ń bá ìjọba jíròrò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò owó oṣù tuntun, Agenda for Change, bẹ̀rẹ̀ ní 2004, àlùfáà wọ inú àtẹ kan náà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì.

Òfin kan tí kò ní ẹ̀sìn lọ́kàn rárá dá wàhálà sílẹ̀ láàrin èyí. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 1998 ka ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Tẹ́lẹ̀, àlùfáà a máa gba ìwé orúkọ àwọn aláìsàn àti ìjọ wọn láràárọ̀. Lẹ́yìn òfin náà, aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó sọ ẹ̀sìn rẹ̀ fún àlùfáà. Ìtẹ̀síwájú ni èyí fún ẹni tí kò fẹ́ àbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé wọlé nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀, tí nọ́ọ̀sì kò sì bèèrè, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn lórí owó

Ní ọdún 2006, àjọ ilé-ìwòsàn kan ní ẹkùn Worcestershire tí gbèsè ń dà láàmú dábàá láti fi púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà rẹ̀ sílẹ̀ kí owó lè kù. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo káàkiri. Ó fi ohun tí a ti sọ ṣáájú hàn: ohun tí òfin kò dè mọ́lẹ̀, olùṣírò owó lè gé e lọ́jọ́ kan.

Ẹgbẹ́ National Secular Society gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2011 wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn síta pé nǹkan bí mílíọ̀nù 29 pọ́n-ùn ni àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná lórí àlùfáà ní 2009 sí 2010. Wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́sìn dá owó náà fúnra wọn. Ní ọdún ọ̀hún, ìnáwó NHS tó bí ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù pọ́n-ùn, nítorí náà owó àlùfáà kò ju pẹ́ńsì 29 lọ nínú ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Àwọn kan fi èyí dá ẹgbẹ́ náà lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn. Kíkéré owó kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Apá kan wà nínú ẹjọ́ wọn tí a kò lè já ní koro. Bí ènìyàn tí kò ní ẹ̀sìn bá ń san owó orí, tí iṣẹ́ àlùfáà sì wà fún ẹni tí ìjọ kan bá fọwọ́ sí nìkan, owó rẹ̀ ń san fún iṣẹ́ tí òun kò lè ṣe láé. Ṣùgbọ́n ojútùú wọn ni a kò fara mọ́. Bí ìjọba bá yọwọ́, ta ni yóò lè sanwó? Ìjọ Áńgílíkà tó ní ilẹ̀ àti owó ìpamọ́ yóò rí i san. Mọ́sálásí àdúgbò tí àwọn awakọ̀ takisí ń dáwó fún kò ní rí i san. Ọdún 1834 ni a óò padà sí, níbi tí ọ̀kan ti ń gbowó tí àwọn yòókù ń gba ìyọ̀ǹda.

Ọ̀nà tí NHS gbà lẹ́yìn náà ni pé wọ́n sún ògiri sẹ́yìn. Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 dáàbò bo ẹni tí kò ní ẹ̀sìn bí ó ti dáàbò bo ẹlẹ́sìn. Ìlànà tuntun ti oṣù Kẹta ọdún 2015, tí Chris Swift, àlùfáà ilé-ìwòsàn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kọ fún NHS England, ka àwọn tí kò ní ẹ̀sìn mọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún. Ní 2018, Lindsay van Dijk, ọ̀kan nínú àwọn Humanist tí wọ́n gbà pé ènìyàn lè gbé ìgbé ayé rere láìsí ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, di olórí àwọn àlùfáà ní àjọ ilé-ìwòsàn Buckinghamshire, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú NHS. Lábẹ́ Òfin Ọgbà Ẹ̀wọ̀n ti 1952, ẹni tó bá máa jẹ́ àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ Áńgílíkà. Ìmọ̀ràn tí kò ní eyín ló fún un láyè.

Ta ni ó ni àlùfáà?

Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ọ̀rọ̀ àlùfáà ilé-ìwòsàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀gá méjì ni ó ń sìn: NHS ń san owó oṣù rẹ̀, ìjọ rẹ̀ sì ń fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹjọ́ Jeremy Pemberton ni ó gbé èyí dé ilé-ẹjọ́. Àlùfáà Áńgílíkà ni, ó sì gbé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó ní 2014 lábẹ́ òfin ìlú, èyí tí ìjọ rẹ̀ kò gbà. Àjọ ilé-ìwòsàn kan ní Nottinghamshire ti fẹ́ gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ, iṣẹ́ náà sì bọ́. Ó pe ẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi ní 2015 àti ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Ohunkóhun tí òǹkàwé ìbáà rò nípa ìgbéyàwó náà, ohun tí ìdájọ́ yìí sọ nípa àkóso ṣe pàtàkì: níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwòsàn bá ti ní ìwé àṣẹ ìjọ ni òun fẹ́, ìjọ ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìlú ni wọ́n ń san.

Àwọn tó ń gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì ń wá ìdáhùn mìíràn. Ẹgbẹ́ UK Board of Healthcare Chaplaincy ní ìwé orúkọ àwọn tó yege, ní 2017 sì ni àjọ tí ń mójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí tiwọn. Orúkọ ẹlẹ́sìn gbogbo lè wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá níbi ìṣirò náà

Peckham àti Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kún fún ọmọ Yorùbá. Ní 1964 ni Adeleke Adejọbi dá ẹ̀ka Ìjọ Olúwa, ti Aládùúrà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé ìkànìyàn, ọmọ ìjọ Aládùúrà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ó sì parí síbẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà tí wọ́n yàn fún Kìrìsìtẹ́nì ni ti rẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọmọ ìjọ Sẹ́ráfù fẹ́ lẹ́bàá ibùsùn, omi ìyàsímímọ́, àbẹ́là, Sáàmù tí a kà ní iye ìgbà kan pàtó, kò sí nínú ìwé àdúrà Áńgílíkà, òfin iná ilé-ìwòsàn kò sì gba àbẹ́là. Ìṣirò orí ti kà á, kò rí i.

Ti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inter Faith Network, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ẹ̀sìn ńlá tí ayé mọ̀. Àwọn Druid, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtéènì fúnra rẹ̀, kò wọlé títí di 2014. Ẹgbẹ́ náà sì kógbá sílé ní 2024 nígbà tí ìjọba dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Onífá kò sí nínú àpótí kankan lórí ìwé ìkànìyàn àyàfi "ẹ̀sìn mìíràn", bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ onífá ni yóò tún kọ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí sílẹ̀, nítorí pé wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí ń kọ́ni ní Ìmọ̀ Ẹ̀sìn mọ èyí dáadáa láti inú kíláàsì wa. Ẹni tó ṣe ìwé náà rò pé ẹ̀sìn kan ni ènìyàn kan ń ṣe.

Ìkànìyàn ọdún 2021 sọ pé ìdá 46.2 péré ni ó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìdá 6.5 jẹ́ Mùsùlùmí, ìdá 37.2 kò ní ẹ̀sìn. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni àrùn COVID-19 ti ìlẹ̀kùn ilé-ìwòsàn mọ́ àwọn ẹbí. Àlùfáà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ NHS wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì lè wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹ̀sìn kéékèèké gbára lé, dúró síta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni NHS England tún ìlànà rẹ̀ kọ fún àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn, tí ó sì dárúkọ ìtọ́jú mẹ́ta pọ̀: ti ìfẹ̀dọ̀lérí, ti ẹ̀mí àti ti ẹ̀sìn. Ìmọ̀ràn ni òun náà. Àpò àjọ kọ̀ọ̀kan ni owó rẹ̀ ti ń jáde.